Láptọ́ọ̀pù mi kú lẹ́yìn tí wárántì tán: ilé iṣẹ́ ní kí n ra bọ́ọ̀dù tuntun, Ọ̀tígbà ni wọ́n ti tún un ṣe

Kí n tètè sọ ọ́ fún ẹni tó ń kánjú: tí láptọ́ọ̀pù yín bá kú lẹ́yìn tí wárántì ti tán, tí wọ́n wá sọ pé bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó inú ẹ̀ tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ so mọ́) ló lọ, pé àfi kí ẹ ra odindi bọ́ọ̀dù míì, ẹ má tíì sanwó, ẹ má sì tíì tà á fáwọn tó ń ra sìkíráàpù. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe. Títún ṣe ni mo wí o, kì í ṣe pípààrọ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, owó wọn ò sì sún mọ́ra rárá. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kọjá lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣojú àwọn tó ṣe é, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Computer Village n'Íkẹjà, ọjà tí wọ́n tún ń pè ní Ọ̀tígbà, ohun tí mo rí lọ́dọ̀ oníkálukú ni mo fẹ́ sọ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ ńlá yẹn, ẹjọ́ kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀gá t'Ọ̀tígbà náà, òun fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ mí pé kí n má gbé orúkọ òun síta, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ti ju agbára òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ òun lọ.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọ, ìwúyè, ibi tí wọ́n bá ti pè wá la máa ń lọ, tá a bá wá délé orí láptọ́ọ̀pù ni gbogbo ẹ̀ ti máa ń di fídíò gidi. Ẹ̀rọ tí ò lágbára ò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ ní RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó pọ̀ àti graphics card (èyí tó ń gbé àwòrán jáde) tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títun ni mo ra tèmi, mi ò ra tòkunbọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni, kó tó di pé wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún yẹn. Ẹ fi ìgbà yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà sórí ẹ̀. Wárántì ọdún 1 ni wọ́n fún mi. Ọdún 2024 ló kú, wárántì ti parí láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ṣé ẹ mọ bí NEPA ṣe máa ń ṣe nígbà míì, tí wọ́n á mú iná dé, wọ́n á mú un lọ, kí èèyàn tó ṣẹ́jú wọ́n á tún mú un dé, bó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lórí ẹ̀, ó kàn ṣàdédé ṣókùnkùn. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò mira. Iná kékeré tó máa ń tàn níbi tá a ń ki ṣájà bọ̀ náà ò tàn. Mo yá ṣájà ẹlòmíì, pàbó.

Ilé iṣẹ́ ńlá ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí n fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ wọn: ibẹ̀ mọ́, AC ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún èèyàn, kò sí pé ẹnì kan ń já lu ẹnì kan, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà mọ èèyàn-án kí, ó kọ gbogbo bí ẹ̀rọ náà ṣe rí sílẹ̀ títí kan ibi tó ti họ, ó sì fún mi ní rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n gba 15,000 náírà owó àyẹ̀wò, èyí tí wọn kì í dá padà, ẹ tún un ṣe o, ẹ ò tún un ṣe o. Lẹ́yìn náà ni íméèlì wọlé: bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́, 780,000 náírà ni tuntun, òkè òkun ni wọ́n á ti bá mi béèrè ẹ̀, kí n san ìdajì sílẹ̀, bọ́ọ̀dù àtijọ́ á di tiwọn, wọn ò sì dúró fún ohunkóhun tó bá sọnù nínú ẹ̀. Ọkàn mi já. Owó yẹn lé ní ìlàjì ohun tí mo fi ra odindi láptọ́ọ̀pù náà.

Mo padà lọ béèrè pé kí ló dé tí wọn ò lè wo ibi tó bàjẹ́ gan-an lára bọ́ọ̀dù yẹn kí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Ẹnjiníà wọn, ọmọlúàbí èèyàn, sọ òótọ́ fún mi. Ó ní, "Mà, a kì í tún bọ́ọ̀dù ṣe níbí, àwọn tó ṣe é ò fún wa láṣẹ ẹ̀, ohun tí a lè ṣe ni ká yọ ọ́ ká fi òmíràn sí i." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. "Bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́" tí wọ́n kọ sínú íméèlì, kì í ṣe pé wọ́n mọ ohun tó ṣe é. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti mú ojú kúrò lára bátìrì, ṣájà àti skrín, ó ku bọ́ọ̀dù.

Kí ló wá fà á tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, láptọ́ọ̀pù òde òní, wọ́n ti jó processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, mọ́ ara bọ́ọ̀dù, wọ́n jó graphics mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tiẹ̀ jó RAM mọ́, nítorí náà tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ ra bọ́ọ̀dù, ohun tó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ náà lẹ tún ń rà lẹ́ẹ̀kan sí i pátá, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ohun tí owó ẹ̀ ò tó ra búrẹ́dì kan ló kú níbẹ̀. Èkejì ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ yìí, dọ́là kan ò tíì pé 800 náírà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là, ní 2024 ó ti kọjá 1,500 fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bọ́ọ̀dù tó jẹ́ 500 dọ́là, tí èèyàn ìbá rà ní nǹkan bí 375,000, ti di 750,000 kí wọ́n tó fi owó ọkọ̀ lé e. Owó tó ń wọlé fún àwa tá a ń ṣiṣẹ́ fídíò ò sì di ìlọ́po méjì. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kéèyàn wá ẹni tó máa tún un ṣe nìyẹn, ní ìlú tiwa yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun, ibi tí owó wa mọ ni.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ yín, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù àwọn tó ṣe é, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún irú ẹ̀ lẹ́yìn wárántì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ tí àṣìṣe bá ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ wá. Lọ́dún 2008 Nvidia ya nǹkan bíi 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ torí àwọn graphics chip láptọ́ọ̀pù wọn tó ń kú ju bó ṣe yẹ lọ. Apple náà, àwọn MacBook Pro ọdún 2011 ní wàhálà graphics, àwọn èèyàn pariwo títí, oṣù kejì ọdún 2015 ni wọ́n tó kéde pé àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2015, èyí tí ekuru kékeré máa ń bà jẹ́, 2018 ni wọ́n kéde àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un, ọdún 4 gbáko ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ yẹn fi bo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Èèyàn tí ò wádìí á ti fowó ara ẹ̀ tún un ṣe. Tèmi ò sí lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, mo wò ó.

Ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá rà á fún láti London, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju rìsíìtì nù o. Òfin kan wà lọ́hùn-ún, Consumer Rights Act ti ọdún 2015, ẹni tó rà á lè bá ṣọ́ọ̀bù tó tà á sọ̀rọ̀ títí di ọdún 6 ní England, 5 ní Scotland, wárántì ì báà ti tán. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa bá sọ ọ́ o, kì í ṣe àwọn tó ṣe ẹ̀rọ, tó bá sì ti kọjá oṣù 6, ẹni tó rà á ló máa fi hàn pé àléébù yẹn ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, kì í ṣe pé ó já lulẹ̀ àbí omi dà sí i. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, òfin FCCPA ti 2018 sọ pé oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dáa tí ò lábùkù, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, lèèyàn sì lè kọ̀wé sí, mo fara mọ́ ọn pé kéèyàn kọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyàwó kan wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, mi ò lè jókòó máa retí èsì lẹ́tà.

Bí mo ṣe dé Ọ̀tígbà nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ Computer Village mọ̀ pé ibẹ̀ ò rọrùn. Kẹ́ ẹ tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ wọ́n ti ń pè yín, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ṣé skrín ni? Ẹ wá, ẹnjiníà wà níbí." Èyí tó bá dì yín lápá mú yẹn, kì í ṣe òun ló máa tún un ṣe, ó máa mú yín lọ síbì kan ni, owó tiẹ̀ á sì wà lórí owó tí wọ́n máa bù fún yín. Mo fi ẹ̀rọ náà han àwọn kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ ṣí i, wọ́n kàn fọwọ́ kàn án, wọ́n ní "graphics ti lọ, ẹ jẹ́ ká fi blówà gbóná sí i." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún wọn. Ooru tí wọ́n ń fẹ́ sórí chip yẹn lè mú kó jí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ ti sanwó, ẹ ti relé, ó tún kú, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe dáadáa nígbà yẹn á wá bá bọ́ọ̀dù tó ti tẹ̀, tí nǹkan kéékèèké ti ṣí kúrò nídìí ẹ̀.

Oníbàárà mi kan tóun náà ń ṣe fọ́tò ló júwe ọ̀gá tó ṣe é fún mi. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àtẹ̀gùn ẹ̀ ga, inú ẹ̀ há, kò sí AC, fáànù kan ló ń yí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé tí mo rí maikirosikóòpù lórí tábìlì, tí mo rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná sínú bọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀, tí mo wá rí i pé ọmọ iṣẹ́ kan ń wo àwòrán ìlà iná bọ́ọ̀dù lórí skrín kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ara mi balẹ̀. Ọ̀gá náà ò tíì sọ iye owó. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná." Èyí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa tún bọ́ọ̀dù ṣe fi dá a mọ̀, ẹni tó bá sọ àìsàn kó tó fi mítà kàn án, ẹ gbé ẹ̀rọ yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ojú mi ló ṣe é. Ó ṣí ìdí ẹ̀, ó kọ́kọ́ yọ bátìrì, ó yọ SSD, ibi tí gbogbo fáìlì wà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tọ́jú ẹ̀ sínú báàgì mi, pé bọ́ọ̀dù lòun fẹ́ tún ṣe, òun ò nílò àwọn fáìlì mi. Ilé iṣẹ́ ńlá ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó wá ń tẹ̀ lé iná bó ṣe ń wọlé. Iná tó ń ti inú ṣájà wá jẹ́ nǹkan bíi fólítì 19 sí 20, inú bọ́ọ̀dù ni wọ́n ti máa ń gé e sí kékeré, 5, 3.3, títí tó fi máa kù bíi fólítì 1 fún processor. Ó ní iná ń wọlé, ṣùgbọ́n bó ṣe kọjá ẹnu ọ̀nà ó dúró, torí pé níbì kan níwájú, ojú ọ̀nà ńlá yẹn ti ṣọ́ọ̀tì, ó ti kan ilẹ̀, bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn kó má bàa jóná. Ìdí tí iná kékeré yẹn ò fi tàn nìyẹn.

Báwo ló ṣe máa mọ èyí tó ṣọ́ọ̀tì nínú ohun bíntín-bíntín tó kún ibẹ̀ bámúbámú? Ohun tó ṣe yà mí lẹ́nu. Ó fi ẹ̀rọ ẹ̀ rán iná tí ò ju fólítì 1 lọ sójú ọ̀nà yẹn, ó wá da spirit tí wọ́n fi ń nu nǹkan sórí bọ́ọ̀dù, ó ní kí n máa wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù. Gbogbo ibẹ̀ tutù, ojú kan péré ló gbẹ kíákíá, torí ibi tó ṣọ́ọ̀tì ló ń gbóná. Kápásítọ̀ kan ni, ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Ó fi blówà yọ ọ́, ó fi mítà kàn án, ṣọ́ọ̀tì ti lọ. Ó tún rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún iná, èyí tí wọ́n ń pè ní MOSFET, ti bá a lọ, ó wá irú ẹ̀ lára bọ́ọ̀dù sìkíráàpù kan, ó pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tá a ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná tàn. Mo kígbe, àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pàtẹ́wọ́.

70,000 náírà ni gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ìpara tuntun tí wọ́n fi sórí processor kó má bàa máa gbóná jù. Ẹ fi wé 780,000.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ náà wà o. Àkókò wọn ò dúró. Lẹ́yìn tó ti tàn, ó ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ tó wúwo dán an wò kó tó kúrò lọ́wọ́ òun, èyí dáa, mo gbà, ṣùgbọ́n "ẹ wá lọ́la" yẹn di ọ̀la míì, wọn ò pè mí, èmi ni mò ń pè wọ́n, mo ń ti Ìkòròdú bọ̀ nínú gosiló, mo dé ibẹ̀ wọ́n ní ọ̀gá jáde lọ ra ọjà. Ìwé rìsíìtì ò sí, inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé ni wọ́n kọ orúkọ mi sí. Nígbà tí mo fẹ́ gbé e lọ, mo yí i wo, súkúrù ìdí ẹ̀ ò pé, mo sọ fún wọn, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì wá èyí tó bá a mu sí i, ṣùgbọ́n tí mi ò bá wò ó ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti jìnnà sí ilé iṣẹ́ ńlá yẹn nìyí, ó sì dùn mí torí pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dára ju ti ilé iṣẹ́ ńlá lọ. Ẹni tó lè wá ohun tí ojú lásán ò rí kàn lára bọ́ọ̀dù, ó yẹ kó lè tẹ rìsíìtì. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ lójú ara ẹ̀, ó ní òun gbọ́.

Ọ̀rọ̀ SSD yẹn, kí n padà sórí ẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sunkún. Tí SSD yín bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ra ilé ẹ̀ kékeré tó ní USB, ẹ ki í bọ̀ ọ́, ẹ lè ka àwọn fáìlì yín lórí kọ̀ǹpútà míì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Windows òde òní ló ń ti SSD ní àgádágodo tí wọ́n ń pè ní BitLocker láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, tẹ́ ẹ bá ki í sínú ẹ̀rọ míì tàbí tẹ́ ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ó máa béèrè kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ nọ́ńbà 48. Ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà, ẹ lọ wá a nísinsìnyí tí ẹ̀rọ yín ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ẹ kò bá rí kọ́kọ́rọ́ yẹn, kò sí ẹnjiníà kankan l'Ọ̀tígbà tàbí l'Amẹ́ríkà tó máa bá yín ṣí i. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti jó SSD mọ́ bọ́ọ̀dù, MacBook ìsinsìnyí wà lára wọn, ẹni tó bá ní irú ẹ̀, títún bọ́ọ̀dù yẹn ṣe gan-an ni ọ̀nà tí fáìlì lè gbà jáde, kò sí òmíràn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló tọ́ sí kéèyàn náwó lé. Tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí tíì bá ti dà sí i tó sì ti pẹ́ nínú ẹ̀, tí bọ́ọ̀dù ti jó tó lu, tàbí tó bá jẹ́ pé graphics chip fúnra ẹ̀ ló kú, ẹ béèrè òótọ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà. Ní tèmi, tí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì owó tòkunbọ̀ gidi tó lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà, mo máa gba SSD àti RAM mi, mo máa ta ìyókù fáwọn tó ń wá bọ́ọ̀dù sìkíráàpù. Ẹ rántí pé lára irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tó gba tèmi là.

Àtìgbà náà, iná NEPA kì í lọ tààrà sínú láptọ́ọ̀pù mi mọ́, UPS, àpótí oníbátìrì tó ń dúró fún iná, ló wà láàárín wọn, tí mo bá sì gbọ́ pé wọ́n ń mú un lọ mú un dé mo máa ń yọ ṣájà, bátìrì á gbé mi díẹ̀. Ọ̀gá náà ló kìlọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀, ó ní tí mo bá wo bọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ iná tàbí jẹnẹrétọ̀ ló pa wọ́n.

Tí wọ́n bá ní kí n bu máàkì: ilé iṣẹ́ ńlá, 2 nínú 5, ìwà wọn dáa, ìwé wọn pé, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbé wá wọn ò tún un ṣe. Ọ̀gá t'Ọ̀tígbà, 4 nínú 5, ó ku rìsíìtì àti àkókò. Oṣù kan ló fi ẹnu lásán sọ pé òun dúró fún iṣẹ́ òun, èmi ni mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i, ó kọ ọ́, kò jiyàn. Oṣù yẹn ti kọjá tipẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, fídíò ìyàwó yẹn ti dọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Computer Village fún irú iṣẹ́ yìí, wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, Sátidé máa ń kún jù, àárọ̀ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dáa, kí ẹnjiníà ráyè ṣí i lójú yín. Ẹ mú ṣájà yín gan-an dání. Ẹ ya fọ́tò inú ẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ṣí i, kí nọ́ńbà ara RAM àti SSD hàn dáadáa, ẹ sì ka súkúrù kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.